Ara Ọmọ Yìí Le

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Bàbá Jẹ́jẹ́, ọmọ mi,

Ẹni ọdún mẹ́tàlélàádọ́rin ni mí, n kò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kọ ìyẹn ṣáájú ìkíni kí o lè rí i dáadáa. Ó yá, mo kí ọ. Mo kí ìyàwó mi. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù, ẹ kú àìrójú. Gbogbo wa wà níbí.

Mo rí lẹ́tà rẹ tí o ní kí n máa mú Jẹ́jẹ́ sáré láàárọ̀, kó máa fò sókè, kó máa na ọwọ́ na ẹsẹ̀, torí pé iléèwé wà ní títì pa fún ìgbà pípẹ́, ó sì ti jókòó jù. Mo kà á. Mo tún un kà, bóyá mo ṣì í kà ni, torí kíláàsì mẹ́ta péré ni mo ṣe kí bàbá mi tó ní ó tó. Kò sí ibi tí mo ti ṣì í kà. Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ kí o máa tún lífítì ṣe kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn pé má bàa gun àtẹ̀gùn, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí ọmọ ṣe ń lo ẹsẹ̀. Ó dáa.

Kò sí ohun tó ṣe Jẹ́jẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí àjàkálẹ̀ àìsàn yẹn fi ti iléèwé pa, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló wà. Ó ń rán bọ́tìnì, ó ń ká etí aṣọ, ó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún mi, torí ojú mi kì í rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Kò bọ́ sí títì kí ọkọ̀ gbá a. Kò bá ọmọ ẹnikẹ́ni jà. Ìgbà tó gbìyànjú láti sáré nínú pálọ̀, Ọlọ́dẹ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, tó ń ṣọ́ báńkì lóru tó sì ń fi ọ̀sán sùn, fi ọ̀pá ìgbálẹ̀ gún àjà rẹ̀, àjà rẹ̀ sì ni ilẹ̀ wa. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ jókòó. Ó jókòó. Ọmọ tó gbọ́ràn ni.

Iléèwé ti wọlé báyìí. Lánàá, mo lọ mú un lẹ́nu géètì, ọkùnrin kan sì wá bá mi, ó wọ ṣòkòtò péńpé bí ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tó, ó so fèrè mọ́ ọrùn. Tíṣà eré ìdárayá ni. Tíṣà Fèrè ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ọmọ yìí?"

Mo ní èmi ni.

Ó ní, "Màmá, ara ọmọ yìí le o. Ara rẹ̀ le gan-an ni."

Mo ní, "Àmín. Kí ara tiyín náà le."

Ó dúró, ó ń wò mí. Ó ní, "Màmá, ó dà bíi pé ohun tí mò ń sọ kò yé yín. Mo ní ó le."

Mo ní ó yé mi, Ọlọ́run á jẹ́ kó máa le sí i. Ó mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò jọ ẹni tó máa ń gba àdúrà.

Nítorí náà, tíṣà tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ ìdárayá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ránṣẹ́ sí mi, irú èyí tí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ kan tẹ́. Má fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí òwú, ó ń sinmi.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kìíní

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí yín.

Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo kà á pé tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ pé ara Jẹ́jẹ́ le. Mo ka ibẹ̀ sókè fún ìyàwó mi, ó ní kí n tún un kà. Ẹ má bínú sí ìmọ̀ràn tí mo kọ. Àwọn ọmọ ibí tí wọ́n ti pẹ́ nílé, tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn díẹ̀, ńṣe ni wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Inú lífítì ni mo ti ń pàdé wọn. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.

N kò ní fi pamọ́ fún yín: ìyá ìyàwó mi ń pè wá lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ó ní àgbàlá òun fẹ̀, igi wà níbẹ̀, koríko wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń fi ọ̀sán sùn lábẹ́ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ òun títí a ó fi rí ìwé àṣẹ gbà láti mú un wá síbí. Ìyàwó mi ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo ní, "Ara ọmọ le, tíṣà sọ bẹ́ẹ̀, kí ló tún kù?" Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kò burú.

Mo ti fi abẹ́rẹ́ ránṣẹ́. Mo fi bàtà ìsáré kan sí i fún Jẹ́jẹ́, aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe ìmọ̀ràn, Màmá. Bàtà lásán ni.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì

Bàbá Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ. Mo gba abẹ́rẹ́. Ọ̀kan ti tẹ̀ nínú wọn. Mo gba ìmọ̀ràn olókùn méjì tí o fi sí i náà. Jẹ́jẹ́ wọ̀ ọ́, ó bá a mu, ó sì jókòó sínú rẹ̀.

Bá mi kí ìyàwó mi. Bá mi kí ìyá rẹ̀, kí o sì dúró síbẹ̀, má fi nǹkan kan kún un. Àgbàlá! Ṣé àgbàlá ló pọ̀n ọ́n nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì gbé báàgì yín? Ṣé koríko ló ń jí lóru tí eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀? Igi ló kọ́ ọ bí a ṣe ń gé aṣọ láì jẹ́ kó wọ́? Ilé mi kò ní koríko. Ilé tó mọ́ ni.

Mi ò ní bá yín fa ọ̀rọ̀ gùn. Tí ẹ bá fẹ́ mú ọmọ yìí kúrò lọ́dọ̀ mi, kí ẹni tó ń bọ̀ wá mú un gbé ẹ̀rọ ìránṣọ dání lọ pọ̀. N kò mọ ohun tí mo fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣe tí kò bá sí ẹni tó máa fi òwú sí abẹ́rẹ́.

Tíṣà Fèrè tún dá mi dúró lẹ́nu géètì. Ó ní ara ọmọ náà ṣì le. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Tíṣà Jẹ́jẹ́ pè mí. Ó ní gbogbo ìgbà tí òun bá bá yín sọ̀rọ̀, àdúrà lẹ máa ń gbà fún òun. Màmá, nígbà tó ní ara Jẹ́jẹ́ le, kì í ṣe àlàáfíà ló ń sọ. Ó ní ó le. Bíi pákó. Ó ní kí àwọn ọmọ tẹ̀ ba fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn, orúnkún ni Jẹ́jẹ́ fọwọ́ kàn, ó ní òun ti dé ibi tí òun ń lọ. Wọ́n ní kí wọ́n sáré yí pápá ká, Jẹ́jẹ́ dé ìdajì, ó jókòó sílẹ̀. Tíṣà bi í pé kí ló dé. Ó ní Màmá Àgbà ní tó bá ti rẹ òun, kí òun jókòó. Ní báyìí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sáré, òun ni wọ́n ń fi ṣọ́ báàgì.

Ìyàwó mi sunkún. Ó ní a ti fi ọmọ òun pamọ́ bí aṣọ tí ẹni tó ni ín kò wá gbà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, a wá fẹnu kò sí ibì kan. Lọ́jọ́ tí sáà yìí bá máa parí, gbogbo kíláàsì yóò sáré yí pápá ká níwájú àwọn òbí. Tí Jẹ́jẹ́ bá yí i ká láì dúró, ọ̀dọ̀ yín ló máa wà. Tó bá dúró, ìyá ìyàwó mi yóò ti wà níbẹ̀, yóò sì mú un lọ lọ́jọ́ náà. Ó ti ra bẹ́ẹ̀dì.

Màmá, ọkùnrin yẹn fẹjọ́ ọmọ wa sùn yín, ẹ ní àmín.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Bàbá Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ. N kò tètè dá ọ lóhùn torí inú ń bí mi, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì sì wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tíṣà ni kí a kọ́kọ́ parí. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, tí ènìyàn bá ti ní ara ọmọ mi le, àmín ni mò ń ṣe. Tó bá fẹ́ sọ pé ó gan, kó sọ pé ó gan. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tán. Mo lọ bá a ní iléèwé.

Mo ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kí ló dé tí o ń fi ọ̀rọ̀ àdúrà bú ọmọ mi?"

Ó ní, "Màmá, mi ò bú u. Ara rẹ̀ ló le."

Mo ní, "O ò rí i? O tún ti sọ ọ́."

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Ẹnu ti ń ro mí."

Ó fọn fèrè. Àwọn ọmọ gbéra. Jẹ́jẹ́ náà gbéra. Ó ń sáré bí ẹni tó ń lọ san owó orí. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ òpó gọ́ọ̀lù, ó di àyà mú, ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó jókòó. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti ń gbọ́ èémí rẹ̀, ó ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì. Àwọn yòókù pín sí méjì lára rẹ̀, wọ́n kọjá. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Jẹ́jẹ́, dìde, lọ bá wa ṣọ́ báàgì." Kò fi yẹ̀yẹ́ sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí.

N kò jẹ̀bi. Mo ní kó jókòó, ó jókòó. Bó ṣe wá jẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó dìde, n kò mọ̀.

Lójú ọ̀nà mo bi í, mo ní, "Kí ló dé tí o jókòó?"

Ó ní, "Màmá Àgbà, èémí mi tán."

"Ta ló sọ fún ọ pé ó tán?"

"Òun fúnra rẹ̀ ni."

Mo ní, "Ṣé o fẹ́ lọ máa gbé nílé tó ní koríko?"

A rìn títí a fi kọjá ilé oníbúrẹ́dì. Ó wá ní, "Ta ló máa wá fi òwú sí abẹ́rẹ́?" Mo ní ìyẹn kò kàn án.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun kan. Kì í ṣe ìmọ̀ràn rẹ o, orí èmi ni mo fi rò ó. Tí Jẹ́jẹ́ bá ti iléèwé dé, òun ló ń gbé aṣọ àwọn oníbàárà lọ fún wọn. Aṣọ tó lè kó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ń fún un ní ẹyọ ẹyọ. Tó bá gbé ọ̀kan lọ, á padà wá gbé òmíràn, n kò sì gbọdọ̀ rí i kó máa rìn. Láàárọ̀, èmi àti òun ń sọ̀ kalẹ̀, a tún ń gùn padà. Ọlọ́dẹ jáde sí wa, ìrọ̀rí ṣì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, ta ló ń gún nǹkan lórí mi?"

Mo ní, "Ìdárayá ni."

Ó ní, "Ara ta ló ń yá?"

Mo ní, "Tìrẹ kọ́."

Tí wọ́n bá ní eré ìdárayá, mo ń ti ẹ̀rọ pa, mo ń lọ sí pápá. Tíṣà Fèrè ní òbí kì í wọ inú pápá. Mo ní èmi kì í ṣe òbí, èmi ni ìyá òbí. Ẹ̀yìn Jẹ́jẹ́ ni mo ń tọ̀, tápù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi, tó bá fẹ́ jókòó, àfi kó jókòó lé mi lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà fọn fèrè sí mi. Mo ní kó lọ fọn ọ́n sí àwọn ọmọ rẹ̀.

Má jẹ́ kí ìyá ìyàwó rẹ gbọ́.

Èmi ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Tíṣà tún pè. Ó ní ẹ ń sáré. Màmá, ṣé lóòótọ́ lẹ ń sáré? Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ ńṣe lẹ ń rìn, ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ẹ̀yin náà yára, àwọn ọmọ kíláàsì tó kù sì dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Orúnkún yín tó máa ń ró kẹ̀kẹ̀ tí ẹ bá ń tẹ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, ṣé òun náà lẹ gbé lọ sórí pápá?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kí ọmọ yí pápá ká dáa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣubú síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ? Nígbà míì tí mo bá wà nínú lífítì tó bàjẹ́, tó há sáàárín àjà méjì, tí mò ń dúró de ẹnìkejì mi kó tan iná, ẹ̀yin ni mo máa ń rò. N kì í rò yín pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀ lórí pápá.

Ìyàwó mi kò tíì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ ibùsùn sí bẹ́ẹ̀dì náà.

Ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Màmá mi,

Ẹ kò fèsì. Mo pè, fóònù yín kò dún. Mo pe tíṣà, kò gbé e. Mo pe ìyá ìyàwó mi, òun náà kò gbé e, òun tó jẹ́ pé kó tó dún ló ti máa ń gbé e. Ìdíje ti kọjá láti ọjọ́ ẹtì. Ìyàwó mi kò sùn, èmi náà kò sùn.

Ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ wa wà?

Ṣé ara yín le? Èyí tó jẹ́ àlàáfíà ni mò ń bèèrè.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ ogún, oṣù karùn-ún

Bàbá Jẹ́jẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi. Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Ara mi le. Èyí tó jẹ́ àlàáfíà wà lára mi, èyí kejì wà lórúnkún.

Ìyá ìyàwó rẹ dé láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ó gbé àpò ńlá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ dání, ẹrù Jẹ́jẹ́ ló fẹ́ kó sí i. Ilé wa kò ní lífítì. Ó sinmi níbi àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó tún sinmi níbi tó tẹ̀ lé e, nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà mi, kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ló jù sí mi. Mo fún un ní àga, mo fún un ní omi. N kò sọ nǹkan kan nípa àgbàlá. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n dáadáa pé n kò sọ nǹkan kan.

A jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà ní pápá. Ó gbé àpò náà lé itan. Tíṣà Fèrè ní lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ ọmọ lẹ́yìn, ó ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́. Fèrè dún. Àwọn yòókù fò lọ. Jẹ́jẹ́ náà lọ, bó ṣe ń jẹ́.

Ó ń bọ̀ dáadáa títí tó fi dé ẹ̀gbẹ́ òpó gọ́ọ̀lù yẹn. Níbẹ̀ ló ti gbé ọwọ́ lé àyà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà. Ó yíjú, ó ń wá mi. Mo mọ̀ pé tí mo bá kàn mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni, á jókòó. Mo dìde. Mo pariwo, mo ní, "Dìde!" Orí ìdúró ló sì wà, ọ̀rọ̀ náà kò bá a mu rárá, ṣùgbọ́n òun ló bọ́ sí mi lẹ́nu.

Ìgbà náà ni ohùn kan bú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Má dúró! Jẹ́jẹ́, má dúró o!" Ìyá ìyàwó rẹ ni. Ó ti dìde, àpò ti já bọ́. Ibi tó ti rí èémí yẹn n kò mọ̀, torí kò ní in lórí àtẹ̀gùn.

Mo ní, "Àna mi, ṣé ẹ mọ̀ pé tí kò bá dúró, ẹ̀yin nìkan lẹ máa padà lọ?"

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pariwo."

A jọ pariwo. Ọwọ́ Jẹ́jẹ́ kúrò lórí àyà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dé, wọ́n ti mu omi, wọ́n ti ń bọ́ bàtà. Wọ́n ti lu aago. Tíṣà Fèrè ti ká okùn tó fi pààlà pápá nílẹ̀, ó wá rí i pé ọmọ kan ṣì ń bọ̀, ó tún sáré lọ tẹ́ ẹ padà. Mo dárí ọ̀pọ̀ nǹkan jì í nítorí ìyẹn.

Jẹ́jẹ́ gbẹ̀yìn. Kò dúró.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ní, "Màmá Àgbà, ṣé mo lè jókòó?" Mo ní rárá, ká máa rìn lọ sílé. Tíṣà Fèrè sún mọ́ wa, ó ní, "Màmá, ara rẹ̀ ti ń rọ̀." Mo ní kó tún un sọ, kó sì fi ohùn rẹ̀ síbi tó yẹ, torí tí ohùn yẹn bá yẹ̀ díẹ̀, arọ ló pe ọmọ mi yẹn. Ó tún un sọ. Rírọ̀ ni. Mo bi í bóyá ọ̀rọ̀ rere ni, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá ní àmín.

Ìyá ìyàwó rẹ sùn lọ́dọ̀ wa, kò sì kúrò títí di ọjọ́ ajé, torí orúnkún mi kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn, òun ló tì mí láti ẹ̀yìn tí Jẹ́jẹ́ fi fà mí níwájú. Ohùn rẹ̀ ti há, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé fóònù. Kò mú ọmọ lọ. Tí iléèwé bá lọ ìsinmi, Jẹ́jẹ́ á lọ lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí koríko yẹn kí wọ́n lè lo bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n rà, á sì padà wá bá mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn.

Ó ku ohun kan. Nígbà ìgbéyàwó yín, ìyá ìyàwó rẹ yá sísọ́ọ̀sì ńlá mi, èyí tó lọ́wọ́ dúdú, tí mo fi kọ́ṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi gé rìbọ́ọ̀nù kan, òun ń bọ̀. Láti ìgbà náà, mò ń fi èyí tí kò mú gé aṣọ. N kò lè bi í lójú ara rẹ̀ mọ́, torí a ti jọ pariwo. Ìwọ lo fẹ́ ọmọ rẹ̀. Sọ fún un pé gbèsè ni, kó dá sísọ́ọ̀sì mi padà.